Ọmọ Ìyá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwọn Charan Ilẹ̀ Íńdíà àti Àwọn Òrìṣà Obìnrin Wọn

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i lórí fóònù yín: tẹ́ńpìlì kan ní Íńdíà tí eku kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí àwọn èèyàn ń bu mílíìkì fún wọn. Fídíò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tán, eku nìkan ni wọ́n sì máa ń fi hàn. Obìnrin tí wọ́n kọ́ ilé náà fún ní ìtàn, àwọn tó ń sìn ín náà ní ìtàn. Ohun tó wà láàárín ìtàn méjèèjì ló gbà mí lọ́kàn débi tí mo fi jókòó kọ èyí: àwọn ọkùnrin tó ń fi orúkọ Ìyá búra, tí wọ́n ń pe ara wọn lọ́mọ rẹ̀, síbẹ̀ tí ilẹ̀, orúkọ ìdílé àti àṣẹ ilé kò kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin. Àwọn ìbéèrè tí mo rò pé ẹ máa bi mí nìyí.

Ta ni wọ́n ń pè ní Charan?

Ìran kan ni wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Gujarat àti Rajasthan. Àwọn díẹ̀ wà ní Sindh, tó ti di ara Pàkísítánì. Ní Gujarat, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ́ Gadhvi gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Iṣẹ́ tí ayé mọ̀ wọ́n mọ́ ni iṣẹ́ ẹnu. Àwọn ni akéwì àti arọ́kin fún àwọn Rajput, ìran jagunjagun tó jọba lé ilẹ̀ yẹn lórí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Wọ́n mọ ìran ọba láti orí baba dórí baba ńlá, wọ́n ń ki akọni kó tó lọ sógun, wọ́n sì ń fi ewì ta àbùkù ẹni tó bá sá lójú ogun. Dingal ni wọ́n ń pe èdè ewì náà. Ọba á wá fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn kì í san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí, àtọmọdọ́mọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbé láàfin o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ darandaran tó ń sin màlúù àti ẹfọ̀n ilé, àwọn kan ń ta ẹṣin, àwọn kan sì ń kó ọjà gba aṣálẹ̀ kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí nínú gàá àti lójú ọ̀nà ọjà ni púpọ̀ nínú àwọn òrìṣà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ti jáde wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ọmọ Ìyá?

Orúkọ wọn gan-an ni: Deviputra, ìyẹn ọmọ òrìṣà obìnrin. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ìyá ló ni ìran àwọn, àti pé àwọn ọmọbìnrin ìran àwọn ló máa ń yàn láti wọ ayé. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń fún wọn ti wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni láti ta ẹ̀jẹ̀ Charan sílẹ̀, torí ọ̀dọ̀ Ìyá ni ẹni tó bá ṣe é ti máa jẹ́jọ́. Nítorí náà, tí oníṣòwò bá fẹ́ kó ẹrù gba ibi tí ọlọ́ṣà pọ̀ sí, á wá Charan kan mọ́ra. Tí ọba méjì bá ń ṣe àdéhùn, Charan ni wọ́n máa fi ṣe onígbọ̀wọ́. Kò gbé idà tó ju tiwọn lọ, ìbẹ̀rù Ìyá ni ohun ìjà rẹ̀.

Òrìṣà kan ṣoṣo ni àbí púpọ̀?

Ìdáhùn méjèèjì ló tọ́. Ìyá àkọ́kọ́ ni Hinglaj. Ojúbọ rẹ̀ wà nínú ihò àpáta lẹ́bàá odò Hingol, ní Balochistan ní Pàkísítánì, nǹkan bí 250 kìlómítà sí Karachi. Ìtàn tí àwọn Híńdù ń sọ nípa ibẹ̀ ni pé Sati, ìyàwó òrìṣà ńlá tó ń jẹ́ Shiva, kú nígbà tí bàbá rẹ̀ Daksha bú ọkọ rẹ̀ ní gbangba níbi ìrúbọ. Shiva gbé òkú rẹ̀ lé èjìká, ó ń rìn káàkiri bí wèrè. Vishnu, òrìṣà ńlá mìíràn, wá gé òkú náà sí wẹ́wẹ́ kí ayé má bàa parun, ibikíbi tí ègé kan bá sì bọ́ sí di ojúbọ. 51 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà wọ́n sí, Hinglaj sì ni ibi tí orí rẹ̀ bọ́ sí.

Lẹ́yìn Hinglaj ni Avad, tí wọ́n gbà pé ó ti ara Hinglaj wá. Lẹ́yìn Avad ni Karni. Láàárín wọn àti lẹ́yìn wọn, ó tún kù rẹpẹtẹ. Nínú ewì wọn, iye tí wọ́n máa ń dárúkọ ni ọ̀kẹ́ márùndínláàádọ́ta òrìṣà tó ń da ìborùn onírun, ìyẹn 900,000, àti obìnrin Charan 84 tó di òrìṣà. Ìborùn onírun dúdú yẹn ni aṣọ obìnrin darandaran. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò wọ òrìṣà wọn láṣọ ayaba. Aṣọ tí ìyá wọn ń da bo ara nínú òtútù àárọ̀, tó bá ń fún wàrà, ni wọ́n dà bò ó. Orúkọ tí wọ́n sì ń pe òrìṣà, Aai tàbí Ma, ni wọ́n ń pe ìyá wọn nílé.

Ẹ sọ ìtàn Avad àti Khodiyar fún wa.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Charan kan wà tó ń jẹ́ Mamadiya, ọ̀rẹ́ Shiladitya ọba Vallabhi ní Gujarat. Àwọn ìjòyè ń jowú rẹ̀. Wọ́n sọ fún ọba pé ojú ẹni tí kò bímọ kì í ṣe ojú tó yẹ kí ọba máa kọ́kọ́ rí láàárọ̀. Ọba gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mamadiya gba ilé lọ pẹ̀lú ìtìjú, ó wọ ojúbọ Shiva, ó ní bí òun kò bá rí ọmọ gbà, òun á gé orí òun síbẹ̀. Shiva mú un lọ sọ́dọ̀ ọba àwọn ejò ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ọba ejò sì ṣèlérí ọmọ mẹ́jọ fún un: obìnrin méje, ọkùnrin kan. Wọ́n ní kó lọ tẹ́ ibùsùn ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ejò mẹ́jọ wọ́ wọlé, wọ́n gun orí ibùsùn, wọ́n di ọmọ ìkókó. Avad ni àgbà nínú àwọn obìnrin, Janbai ni àbúrò pátápátá. Mehrakh ni ọkùnrin.

Lọ́jọ́ kan, ejò bu Mehrakh ṣán. Wọ́n ní àfi kí wọ́n rí omi ìyè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kí oòrùn tó yọ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó kú nìyẹn. Janbai kó sọ́nà. Ilẹ̀ fẹ́ mọ́, kò tíì dé. Avad ṣí ìborùn rẹ̀, ó nà án bo oòrùn. Ilẹ̀ kò mọ́. Nígbà tí Janbai máa padà dé, ó ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe lọ́nà, ó ń tiro, orí ọ̀nì ló jókòó sí, omi ìyè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí i tó pè é ní "khodi", arọ, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára. Bí Janbai ṣe di Khodiyar nìyẹn. Títí dòní, ọ̀nì ni wọ́n ń yà sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojúbọ rẹ̀ wà ní Rajpara lẹ́bàá Bhavnagar, ní Matel, àti ní Galdhara lẹ́bàá Dhari. Etí omi ló sábà máa ń wà.

Wọ́n tún sọ pé ọba kan ní Sindh fẹ́ fi tipátipá fẹ́ àwọn ọmọbìnrin yìí. Wọ́n sá. Nígbà tí wọ́n dé etí omi Hakra tí kò sí ọ̀nà mọ́, Avad bu omi náà mu, ó gbẹ, wọ́n sì rìn kọjá. Hakra tó gbẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ipa odò àtijọ́ nínú aṣálẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ó ṣe gbẹ.

Mo ti ro ìtàn yìí títí. Obìnrin méje ló wà níbẹ̀, wọ́n dá oòrùn dúró, wọ́n mu odò gbẹ, wọ́n wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọ́n sì jáde. Kí ni wọ́n fi agbára ọjọ́ náà ṣe? Wọ́n fi gba ẹ̀mí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nílé là. Bí ilé tó jẹ́ ti ọkùnrin ṣe ń sọ ìtàn obìnrin alágbára nìyẹn. Síbẹ̀, kò sí ọkùnrin kankan nínú ìtàn náà tó lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe, àtọba àti bàbá.

Tẹ́ńpìlì eku yẹn ńkọ́? Ta ni Karni Mata?

Ọdún 1387 ni wọ́n ní wọ́n bí i, ní abúlé Suwap ní Rajasthan. Meha, Charan láti ìdílé Kiniya, ni bàbá rẹ̀. Meha ti bí ọmọbìnrin lọ́pọ̀, ọkùnrin ló ń retí. Nígbà tí ọmọ délẹ̀, arábìnrin Meha jáde láti wá jábọ̀. Kò tilẹ̀ fẹ́ lanu sọ ọ́. Ó ká ìka rẹ̀ mọ́ra láti fi ṣàpèjúwe pé obìnrin náà tún ni. Ìka ọ̀hún kò ṣí mọ́. Bó ṣe ká a ló ṣe le.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àǹtí yìí ń wẹ̀ fún ọmọ náà pẹ̀lú ọwọ́ kan tó le gbagidi. Ọmọ bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ yín, ó fọwọ́ kàn án, ìka sì nà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Karni ti wá, ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ridhu Bai ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n fẹ́ ẹ fún Depa, ará Sathika. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní bá a gbé gẹ́gẹ́ bí aya. Àbúrò rẹ̀ Gulab ló ní kí Depa fẹ́, Gulab sì bí ọmọkùnrin mẹ́rin tí gbogbo ayé ń pè lọ́mọ Karni. Ọ̀kan nínú wọn, Lakhan, rì sínú adágún tó wà ní Kolayat. Karni gbé òkú rẹ̀ sílẹ̀, ó dojú kọ Yama, òrìṣà ikú, ó ní kó dá ọmọ òun padà. Àríyànjiyàn wọn ló bí àwọn eku: Karni ní láti ọjọ́ náà lọ, àwọn èèyàn òun kò ní bá Yama lọ mọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, á wọ ara eku nínú ilé òun, tí eku náà bá sì kú, á tún padà wáyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Charan.

Ìdí tí àwọn eku fi wà ní Deshnoke nìyẹn, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Bikaner. Wọ́n tó 20,000 dáadáa. Kaba ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí ó bá sáré kọjá lórí ẹsẹ̀ yín, oríire ni. Tí ẹ bá rí funfun láàárín wọn, oríire ńlá ni. Tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan pa, ẹ máa fi fàdákà tàbí wúrà ṣe irú rẹ̀ san. Ọba Ganga Singh ti Bikaner ló kọ́ iwájú tẹ́ńpìlì náà ní mábù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àmọ́ yàrá kékeré tó wà nínú lọ́hùn-ún, ọwọ́ Karni fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó fi to òkúta rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń bu mílíìkì fún eku ní Deshnoke gbà pé bàbá òun àgbà tàbí ọmọ òun tó kú ni òun ń bọ́. Ẹ tún fídíò yẹn wò pẹ̀lú ojú yìí.

Ó tún ní ilẹ̀ tí Karni dá sí yíká Deshnoke, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ní aṣálẹ̀ bíi ti ibẹ̀, ilẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀ ni oúnjẹ ẹran ọ̀sìn lásìkò ọ̀dá.

Ṣé òótọ́ ni pé ọba kò lè jẹ láìsí ọwọ́ Karni?

Wọ́n ní òun ló fi òkúta ìpìlẹ̀ Mehrangarh lélẹ̀ ní 1459, ìyẹn odi ńlá tó wà ní Jodhpur, nígbà tí Rao Jodha, ọba ibẹ̀, pè é. Ọmọ Jodha, Bika, tó dá Bikaner sílẹ̀ ní 1488, gba ìbùkún rẹ̀ kó tó ṣe é. Láti ìgbà náà ni ìdílé ọba Bikaner ti ń sìn ín. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà níbẹ̀ o. Ọba tuntun tó ń wá ilẹ̀ tuntun nílò ẹni tí àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ibẹ̀ gbà gbọ́, Karni sì ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n ní ó pé ọdún 151 kó tó pòórá ní 1538.

Kí ni traga?

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Tí ẹnì kan bá da àdéhùn tí Charan dúró fún, tàbí tí alágbára kan bá fẹ́ fi ipá gba nǹkan, Charan á ṣe ara rẹ̀ léṣe níwájú ẹni náà, nígbà mìíràn títí dójú ikú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè di èpè lórí ọ̀daràn náà. Ọkùnrin ṣe é, obìnrin ṣe é, àgbàlagbà ṣe é. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso, ilé ẹjọ́ àti ìwé àdéhùn gba iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wọn, àṣà náà sì kú.

Inú àṣà yìí ni Bahuchara ti wá. Ọmọbìnrin Charan kan ni, ọmọ Bapal láti ìdílé Detha, tó ń rìnrìn àjò pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀ nígbà tí olè kan tó ń jẹ́ Bapiya dá wọn lọ́nà. Kí ọkùnrin náà tó fọwọ́ kàn án, ó gé ọmú ara rẹ̀, ó sì fi í gégùn-ún pé kí ọkùnrin náà má lè ṣe ọkùnrin mọ́. Bapiya bẹ̀bẹ̀. Ìdáhùn tí Bahuchara fún un ni pé àfi tó bá wọ aṣọ obìnrin, tó ṣe bí obìnrin, tó wá sin òun. Tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà ní Becharaji ní Gujarat, àkùkọ ló ń gùn, òun sì ni ìyá àwọn hijra, àwọn tí kì í ṣe ọkùnrin, tí kì í ṣe obìnrin, tí àwùjọ Íńdíà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ lé jáde lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó sì pè é ní ìyá.

Àwọn ọba tó ṣe àìda sí wọn ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ti Nagbai, ìyá àgbà kan ní Monia lẹ́bàá Junagadh. Ra Mandalik, ọba Junagadh, gbọ́ pé ìyàwó ọmọ Nagbai lẹ́wà, ó sì wá wò ó pẹ̀lú ọkàn búburú. Ìyàwó fẹ́ ṣe ìkíni fún ọba gẹ́gẹ́ bí àṣà, àmọ́ bó ṣe kọjú sí i báyìí ni ọba ń yí ojú padà. Ìyàwó ní, "Ìyá, ọba ń yíjú." Nagbai dáhùn pé, kì í ṣe ọba ló ń yí, ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń yí. Ọba kò gbọ́ ìkìlọ̀, ó na ọwọ́. Nagbai fi í gégùn-ún pé ìtẹ́ rẹ̀ á bọ́. Ní 1472, Mahmud Begada, ọba Ahmedabad, gba Junagadh, ìjọba ìdílé Mandalik sì parí síbẹ̀.

Òpìtàn á sọ pé ogun àti ọgbọ́n ogun ló gba Junagadh, òótọ́ ni. Àmọ́ ní abúlé, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ọkọ tó dúró ti ìyàwó ilé rẹ̀ ni wọ́n ń rántí. Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ọba yìí ṣe kéré tó lójú àwọn ọba ìgbà náà, kí ẹ sì wo bí ìtàn ṣe sọ ọ́ di ohun tó fọ́ ìjọba.

Tí wọ́n bá ń sin obìnrin tó báyìí, ṣé obìnrin wọn ní òmìnira nílé?

Rárá, ó kéré tán kì í ṣe nítorí òrìṣà náà nìkan. Ìran bàbá ni wọ́n ń tọ̀. Obìnrin ń kúrò nílé bàbá lọ sílé ọkọ, ilẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ọmọkùnrin. Ní Rajasthan pàápàá, ìyàwó ilé ń fi aṣọ bo ojú níwájú bàbá ọkọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ní Deshnoke gan-an, àwọn tó ń ṣe àlùfáà ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ ni àwọn Depavat, ọmọ-ọmọ àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin Gulab, baba sí ọmọkùnrin. Karni kọ̀ láti ṣe ìyá ọmọ, síbẹ̀ ìdílé ọkùnrin ló jogún ojúbọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ìpínlẹ̀ méjèèjì lápapọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ọmọbìnrin 888 ló wà fún ọmọkùnrin 1,000 ní Rajasthan. Ní Gujarat, 890 ni. Iye yìí kan gbogbo ìran tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Charan nìkan. Òfin Íńdíà ti ka lílo ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló wà nínú oyún léèwọ̀ láti 1994, àmọ́ iye yẹn fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin kan kò dé ilé ayé, tàbí wọ́n dé, wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Àti pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìka àǹtí Karni ni o.

Ọ̀rọ̀ ogún náà wà níbẹ̀. Láti 2005, òfin ti sọ pé ọmọbìnrin Híńdù ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ogún ìdílé. Ní Rajasthan, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní haq tyag: arábìnrin á fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda ìpín òun fún àwọn arákùnrin òun. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tí kò bá fọwọ́ sí i mọ̀ pé ilé bàbá òun lè má ṣí ilẹ̀kùn fún òun mọ́, ilé yẹn sì ni ibi tí ó máa sá sí tí ilé ọkọ bá gbóná.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ìyá yìí kò bímọ?

Ìbéèrè tó ká mi lára jù nìyí. Avad àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò lọ́kọ. Bahuchara kò lọ́kọ. Karni lọ́kọ, ó kọ̀ láti ṣe ìyàwó. Gbogbo wọn ni wọ́n sì ń pè ní Ìyá.

Èrò mi ni pé ọmọbìnrin àti arábìnrin ni wọ́n fi sípò yìí. Ní ilẹ̀ yẹn, ìyàwó jẹ́ àlejò nílé ọkọ, abẹ́ àṣẹ ìyá ọkọ ló ń gbé, inú aṣọ ìbojú ni. Ọmọbìnrin ilé ni kì í bo ojú ní abúlé bàbá rẹ̀. Ó lè sọ̀rọ̀, ó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí. Láàárín Charan àti Rajput pẹ̀lú, wọn kì í fẹ́ra: arábìnrin ni ọmọbìnrin Charan jẹ́ fún Rajput. Ìdí nìyẹn tí Nagbai fi lè gbé ojú sókè wo ọba. Arábìnrin ló ń bá a wí.

Nígbà náà, agbára tí wọ́n gbà fún obìnrin ni èyí tí kò ní ọkùnrin kankan tó lè pè é ní tèmi. Ó jẹ́ ohun ńlá, ó sì tún dùn mí, torí pé obìnrin tó lọ́kọ tó sì bímọ, tó dáná ọbẹ̀ àárọ̀ kí gbogbo ilé tó jí, kò rí ara rẹ̀ nínú àwòrán náà. Wọ́n mú orúkọ rẹ̀, ìyá, wọ́n fi dé ẹlòmíràn lórí.

Ṣé obìnrin tó wà láàyè lè di òrìṣà lónìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú àwọn àgbà tó ṣì wà. Sonal Ma ni wọ́n ń pè é, wọ́n bí i ní 1924 ní Madhada ní agbègbè Junagadh, ó sì kú ní 1974. Kò lọ́kọ. Àwọn Charan gbà pé Ìyá ló wà lára rẹ̀, nítorí náà nígbà tó bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin arúgbó pàápàá á bọ́ láwàní. Ohun tó sì ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀, kí wọ́n jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ asán, kí wọ́n rán ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Ní January 2024 tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ní Madhada, olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ lórí fídíò.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ìtàn àtijọ́ wúlò fún obìnrin. Ká ní olùkọ́ ìjọba ló wá sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí Avad àti Karni ti là sílẹ̀ ni Sonal gbà wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ wọ́n?

Ọ̀kọ̀ oníka mẹ́ta, òkúta tí wọ́n fi àtíkè pupa kùn, fìtílà òróró. Láyé àtijọ́, ewúrẹ́ àti ẹfọ̀n ilé ni wọ́n ń pa, wọ́n sì ń ta ọtí sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, àgbọn àti àdídùn ti rọ́pò rẹ̀. Òru mẹ́sàn-án Navaratri ni àsìkò ńlá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìgbà kan ní March sí April, ìkejì ní September sí October. Ti ìkejì yìí ni Gujarat fi ń jó garba: ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá ihò sí lára, tí iná ń jó nínú rẹ̀, á wà láàárín, àwọn èèyàn á máa jó yí i po. UNESCO fi garba sínú àkójọ àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní December 2023.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ ti Charan gan-an ni orin tí wọ́n ń pè ní charja. Àwọn kan wà fún ìyìn, àwọn kan wà fún ìgbà tí omi bá ti dé ọrùn. Nínú irú kejì yìí, wọn kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ tọrọ. Wọ́n ń bá Ìyá jà: ṣé o sùn ni, ṣé etí rẹ di ni, ṣebí ìwọ lo dìde fún àwọn ti àná? Ọmọ nìkan ló lè bá ìyá sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ṣé àwọn Charan nìkan ló ń sìn wọ́n?

Rárá o. Àwọn Leuva Patel, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní Gujarat, kọ́ tẹ́ńpìlì ràgàjì fún Khodiyar ní Kagvad, wọ́n sì ṣí i ní January 2017. Ní Tanot, lẹ́bàá ààlà Pàkísítánì ní Jaisalmer, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ààlà Íńdíà fúnra wọn ló ń tọ́jú ojúbọ Avad, torí wọ́n gbà pé òun ni kò jẹ́ kí bọ́ǹbù tó bọ́ sí àyíká rẹ̀ nínú ogun 1965 bú gbàù. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn bọ́ǹbù náà síbẹ̀ kí èèyàn fojú rí i.

Ní Hinglaj, àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé ibẹ̀ ń pè é ní Nani, ìyá àgbà, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín Íńdíà àti Pàkísítánì ní 1947, ọ̀pọ̀ Charan kò lè dé ọ̀dọ̀ Ìyá wọn àkọ́kọ́ láìgba físà, torí ààlà tó wà láàárín ìjọba méjì tó ń bá ara wọn ṣọ̀tá. Àwọn Híńdù Sindh ló ń kún ibẹ̀ ní April ọdọọdún.

Ẹni tí kì í ṣe Charan, tí kò sì jẹ́ ọba, ǹjẹ́ ó ní àyè nínú ìtàn náà?

Díẹ̀. Ní Deshnoke, wọ́n ń bu ọlá fún Dashrath Meghwal, darandaran Karni, láti ìran tí àwọn Híńdù onípò gíga ń kà sí aláìmọ́. Ó kú níbi tó ti ń gba màlúù Karni lọ́wọ́ àwọn olè.

Tí mo bá pàdé Charan, báwo ni mo ṣe máa kí i?

"Jai Mataji." Ìṣẹ́gun ni fún Ìyá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò fi dá yín lóhùn, ì báà jẹ́ ní àárọ̀, ní alẹ́, tàbí lórí fóònù. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, ẹ pè é ní Aai.